Nígbà Tí Ẹbí Ń Gba Orí Ọ̀sà Rìn

Kí títì ọlọ́dà tó dé etíkun, orí omi ni wọ́n ń gbà láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Kì í ṣe òkun gan-an: ìgbì etíkun le, ó sì lè dojú ọkọ̀ dé. Ọ̀sà ni wọ́n ń tọ̀.

Tọmọ tìyá ló ń wọkọ̀. Ẹrù á wà láàárín, ìyá á jókòó tì í, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Atukọ̀ á ki ọ̀pá gígùn bọ ẹrẹ̀, á fi gbogbo ara tì í. Níbi tí ọ̀pá kò bá ti kanlẹ̀, àjẹ̀ ló kù. Bí afẹ́fẹ́ bá sì dára, wọ́n á ta ìgbòkun.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ létí ọ̀sà ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá lọ. Ọdún 1862 ló tó padà. Orúkọ ọba la mọ̀. Ó dunni pé a kò mọ tàwọn ìyá tó bá a lọ.

Afárá Carter so Èkó mọ́ Ìddó ní 1901, ó sì gba lára iṣẹ́ atukọ̀. Síbẹ̀, ní Àgbádárìgì, ọkọ̀ ṣì ń gbé èèyàn sọdá sí erékùṣù Gbẹrẹfú.