Fífi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ láàárín sáà ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà

Fífi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ láàárín sáà ẹ̀kọ́ ni ìgbésẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà máa ń gbé láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú kọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn tí àkókò àtúnṣe ìforúkọsílẹ̀ ti kọjá, ṣùgbọ́n kí ìdánwò àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà W ni wọ́n máa ń kọ síwájú irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ nínú ìwé èsì dípò máàkì. W kì í ṣe àṣeyege, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìkùnà. Ohun tí ó ń sọ kò ju pé akẹ́kọ̀ọ́ náà bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì náà, kò sì parí rẹ̀. Síbẹ̀, ìgbésẹ̀ yìí lè kan owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, iye ọdún tí yóò lò nílé-ẹ̀kọ́, àti físà ẹni tí ó wá láti ilẹ̀ òkèèrè.

Àkókò àti gbèdéke

Sáà ẹ̀kọ́ kan ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ọ̀sì kún èyí tí ó ti mú tàbí kí ó yọ ọ̀kan kúrò. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá yọ ní àkókò yìí kì í hàn nínú ìwé èsì, ilé-ẹ̀kọ́ sì sábà máa ń dá owó rẹ̀ padà. Lẹ́yìn èyí ni àkókò W bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan gbèdéke tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi í sí àárín ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkejìlá. Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti ìjọba ní Ìpínlẹ̀ California, W kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún sáà, àyàfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Ní Ìpínlẹ̀ Texas, òfin kan tí ó kan àwọn tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba láti ọdún 2007 kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ju kọ́ọ̀sì mẹ́fà sílẹ̀ títí yóò fi gba oyè àkọ́kọ́.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń lo WP fún ẹni tí ó ń ṣe dáadáa nígbà tí ó kúrò, wọ́n sì ń lo WF fún ẹni tí ó ti ń kùnà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bákan náà ni wọ́n ń ka WF àti F.

Ipa lórí máàkì

Lórí òṣùwọ̀n GPA, A jẹ́ 4, B jẹ́ 3, C jẹ́ 2, D jẹ́ 1, F sì jẹ́ òdo. W kì í wọ inú ìṣirò yìí rárá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mú kọ́ọ̀sì mẹ́rin oní-yúnìtì mẹ́ta-mẹ́ta, tí ó gba B nínú mẹ́ta, tí ó sì gba F nínú ìkẹrin, GPA rẹ̀ fún sáà náà yóò jẹ́ 2.25. Bí ó bá gba W dípò F, yóò jẹ́ 3.00. Ìdí nìyí tí àwọn olùdámọ̀ràn fi sábà máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé W kan sàn ju F lọ. Ṣùgbọ́n bí W bá ti pọ̀ jù nínú ìwé èsì, àwọn tí ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn tàbí ti òfin lè béèrè ìdí rẹ̀.

Ipa lórí owó

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tí Òfin Ẹ̀kọ́ Gíga ọdún 1965 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ kí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sáà tó kọjá, ìwọ̀n ọjọ́ tí ó ti lò nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ sí. Fún àpẹẹrẹ, bí sáà bá jẹ́ ọjọ́ 105, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì kúrò ní ọjọ́ kejìlélógójì, ìdá 40 ni ó ti lò. Bí ìrànwọ́ rẹ̀ bá jẹ́ dọ́là 5,000, dọ́là 2,000 ni ó jẹ́ tirẹ̀. 3,000 tó kù kò tọ́ sí i mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ lè dá apá kan padà fún ìjọba, kí ó sì wá di gbèsè sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn tí ìdá 60 bá ti kọjá, gbogbo owó náà ti di tirẹ̀. Ìṣirò yìí kò kan ẹni tí ó fi kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo sílẹ̀ tí ó sì ń bá ìyókù lọ.

Síbẹ̀, W máa ń wà nínú iye yúnìtì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ parí ó kéré tán ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì má gbìyànjú ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ yúnìtì tí oyè rẹ̀ gbà. Fún oyè oní-yúnìtì 120, òpin rẹ̀ ni 180. Ẹni tí kò bá kájú òṣùwọ̀n yìí lè pàdánù ìrànwọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè

Akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ tí ó ní físà F-1, títí kan àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Benin tí ó ń kàwé níbẹ̀, gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán yúnìtì 12 ní sáà kọ̀ọ̀kan. Bí fífi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ yóò bá mú kí yúnìtì rẹ̀ dín sí 12, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí ó ń bójú tó ìwé ìgbélùú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Òṣìṣẹ́ yìí lè gbà nítorí ìṣòro ẹ̀kọ́, bí àpẹẹrẹ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ni ín lára ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ọ̀nà ìkọ́ni tí kò tíì mọ́ ọn lára. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èyí ṣeé ṣe lórí ìpele oyè kan, yúnìtì tó kù kò sì gbọdọ̀ dín sí mẹ́fà. Fún àìsàn, lẹ́tà dókítà pọn dandan, gbogbo àkókò rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju oṣù 12 lọ lórí ìpele kan. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí ó tó lọ gba àṣẹ lè pàdánù ẹ̀tọ́ ìgbélùú rẹ̀.

Nígbà tí gbèdéke ti kọjá

Lẹ́yìn gbèdéke, akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́, pẹ̀lú ẹ̀rí àìsàn, ikú ẹbí tàbí ìṣòro ńlá mìíràn. Ẹni tí iṣẹ́ díẹ̀ ló kù fún lè bẹ olùkọ́ fún lẹ́tà I, èyí tí ó fún un ní àyè láti parí iṣẹ́ náà lẹ́yìn sáà. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19, ọ̀pọ̀ yunifásítì sún gbèdéke wọn síwájú. Wíwulẹ̀ dáwọ́ lílọ sí kíláàsì dúró kì í ṣe fífi kọ́ọ̀sì sílẹ̀. F ni ó sábà máa ń yọrí sí.

Ìfiwéra pẹ̀lú Nàìjíríà

Ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà, fọ́ọ̀mù ìfikún àti ìyọkúrò kọ́ọ̀sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ṣùgbọ́n W kò wọ́pọ̀. Kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún, tí kò sì ṣe ìdánwò rẹ̀ láìsí ìdí tó múná dóko, sábà máa ń di F, yóò sì tún un mú ní ọdún tó tẹ̀lé e. Èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní carry over. Ẹni tí àìsàn tàbí àìrówó dá dúró lè kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró fún gbogbo sáà tàbí odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan.