Ìjà ṣọ́ọ̀bù bábà ní Benson: ta gan-an ni àgbà ọ̀jẹ̀ bọ́ọ̀lù wa?

Ẹ fìdí kalẹ̀ o, thread yìí gùn díẹ̀. Sátidé tó kọjá ni mo mú àbúrò mi ọkùnrin lọ gé irun ní Benson, ní Ìkòròdú níbí. Ó tó wákàtí méjì ká tó kúrò níbẹ̀, kì í sì í ṣe torí irun. Bábà gan-an ti gbé klípà sílẹ̀, ó ń bá àwọn oníbàárà ẹ̀ jiyàn. Ohun tó dá a sílẹ̀: nínú gbogbo ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, àwọn márùn-ún wo ló tó ká pè ní àgbà ọ̀jẹ̀?

Okocha àti Kanu ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí òṣùwọ̀n. Ẹnì kan ní Kanu gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì, 1996 àti 1999, ó gba ife Champions League pẹ̀lú Ajax lọ́dún 1995, ó tún bá wọn gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta. Okocha ńkọ́? CAF ò fún un ní tiwọn rí. Bábà ní, "Ẹ lọ bi Oliver Kahn." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá ti rí fídíò 1993 yẹn, bí Okocha ṣe ń yí bọ́ọ̀lù sọ́tùn-ún sósì níwájú ilé títí Kahn fi wà nílẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé èsì gidi ni.

Ní ti Rashidi Yẹkínì, kò sẹ́ni tó jiyàn. Góòlù 37 ló gbá wọlé fún Nàìjíríà, ìyẹn ni Osimhen sì ń lé kiri. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, lọ́dún 1993. Góòlù ẹ̀ sílé Bulgaria ní Dallas, June 21, 1994, òun ni àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé ní Ife Àgbáyé. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn, àmọ́ bó ṣe ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n tó ń sunkún, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo wà níbẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá yí padà rèé. Bàbá kan wà nígun tó ń dúró de ìgbà tó máa kàn án. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ohun tẹ́ ẹ rí lórí fóònù nìkan lẹ mọ̀. Ẹ ò dárúkọ Ọdẹ́gbàmí, ẹ ò dárúkọ Mudá Lawal."

Ojú tì mí díẹ̀. Mo délé, mo lọ kà á. March 22, 1980, ní Súrùlérè, Nàìjíríà na Algeria 3–0, a gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Mudá gbá ẹyọ kan. Ọdẹ́gbàmí tí wọ́n ń pè ní "Mathematical" yìí, iṣẹ́ ẹnjiníà ló kọ́ ní Poly Ìbàdàn, góòlù 23 ló sì ní nínú ìdíje 46. Mudá ní tiẹ̀, mẹkáníìkì ni kó tó di ìràwọ̀. Ó gbá Ife Áfíríkà márùn-ún léra wọn, láti 1976 dé 1984. Àwọn méjèèjì wà ní Shooting Stars lọ́dún 1976 tí wọ́n gba Cup Winners' Cup, ife Áfíríkà àkọ́kọ́ tí kílọ́ọ̀bù Nàìjíríà kankan gbà. Ẹni ọdún 37 péré ni Mudá nígbà tó kú lọ́dún 1991.

Ẹ jẹ́ ká tún padà sẹ́yìn sí i. Ẹ ti kọjá níwájú pápá Teslim Balogun ní Súrùlérè rí, àbí? Orúkọ èèyàn ni o, kì í ṣe orúkọ àdúgbò. "Thunder" ni wọ́n ń pè é torí bó ṣe ń yin bọ́ọ̀lù. Ó wà lára àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba lọ́dún 1949, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà níwájú àwọn òyìnbó. Ó padà lọ síbẹ̀ lọ́dún 1955, ó gbá fún Peterborough, lẹ́yìn náà Queens Park Rangers. Ìdíje líìgì 13, góòlù 3. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan la fẹ́ wò, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Àmọ́ ìwọ̀n tèmi nìyí: báwo ni eré yìí ṣe rí kí ẹni náà tó dé, kí ló sì dà lẹ́yìn ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá fi èyí wọ̀n ọ́n, Teslim wọlé. Okocha tó dùn ún wò ju gbogbo wọn lọ di ìkẹfà. Ẹ bú mi, mo gbà.

Ohun tó wá dùn mí jù: wákàtí méjì, ní Ìkòròdú, kò sẹ́ni tó dárúkọ Asisat Oshoala. Ìkòròdú yìí náà ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1994! Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà. Perpetua Nkwocha ló wà níwájú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin. Champions League méjì ló gbà pẹ̀lú Barcelona, 2021 àti 2023. Ife Àgbáyé mẹ́ta ló ti gbá góòlù wọlé. Lọ́dún 2023, òun ló gbá ẹ̀kẹta tá a fi na Australia 3–2 nílé wọn.

Nígbà tí mo sọ ọ́, Bábà ní, "Àǹtí, ọ̀tọ̀ ni bọ́ọ̀lù obìnrin." Mo bi í pé ọ̀tọ̀ báwo? Ilé kan náà, àwọ̀n kan náà. Àwọn òbí Oshoala fẹ́ kó jókòó ti ìwé, ìyá àgbà ló dúró tì í. Èmi ò ní ìyá àgbà tó dúró tì mí. JSS 2 ni mo wà nígbà tí tíṣà kan gba bọ́ọ̀lù mi, ó ní kí n lọ gbálẹ̀. Mo gbálẹ̀ náà. Kíríkẹ́ẹ̀tì gan-an rèé: January 2025, àwọn ọmọbìnrin wa tí ò tíì pé ọmọ ogún ọdún na New Zealand ní Ife Àgbáyé tiwọn ní Malaysia, 65 sí 63. Mélòó nínú yín ló gbọ́?

Márùn-ún tèmi: Yẹkínì, Kanu, Ọdẹ́gbàmí, Teslim, Oshoala. Mudá dùn mí í yọ, ẹ bá mi bẹ bàbá yẹn.

Àwòrán Okocha àti Kanu ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà. Mo bi Bábà bóyá ó máa lẹ ti Oshoala mọ́ ọn. Ó ní, "Gbé e wá ná." Mo ti lọ tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ mèremère. Sátidé yìí ni mò ń gbé e lọ.