Oògùn Tí Ń Fẹ̀sọ̀ Ṣiṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ oògùn rí. Bí aláìsàn bá lo oògùn, kíákíá ni ó máa ń kún inú ẹ̀jẹ̀. Kì í sì í pẹ́ tí yóò tún fi lọ sílẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ara ní jàǹbá. Bí ó bá kéré jù, kò ní ràn án. Báwo, nígbà náà, ni ọmọ aráyé ṣe kọ́ oògùn ní sùúrù?

Ní oṣù kìíní ọdún 1922, ní ìlú Toronto ní Kánádà, a fún ọmọdékùnrin kan tí àtọ̀gbẹ fẹ́ pa ní abẹ́rẹ́ insulin, ó sì rí ìyè. Ṣùgbọ́n purotéènì ni insulin. Bí ènìyàn bá gbé e mì, inú yóò dà á gẹ́gẹ́ bí ó ti ń da ẹran. Nítorí náà ni abẹ́rẹ́ fi di oúnjẹ òòjọ́ fún aláìsàn. Ní ọdún 1936, Hagedorn, ọmọ ilẹ̀ Denmark, pò ó mọ́ purotéènì mìíràn tí a rí nínú àtọ̀ ẹja, kí ó lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ awọ.

Ní ọdún 1952, ilé iṣẹ́ Smith, Kline & French ní Amẹ́ríkà gbé ọgbọ́n mìíràn jáde. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ hóró oògùn tíntìntín sínú ẹyọ kan ṣoṣo. Èyí tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ a kọ́kọ́ yọ́, èyí tí èèpo rẹ̀ nípọn a sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1964, Judah Folkman, dókítà oníṣẹ́ abẹ, àti Long, ẹnìkejì rẹ̀, fi hàn pé oògùn lè máa gba ara rọ́bà silicone jáde díẹ̀díẹ̀.

Oògùn tí èròjà rẹ̀ kéré ni rọ́bà yìí gbà láàyè. Ní ti purotéènì, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà ni pé ó tóbi jù, kò lè gba inú ike kọjá. Robert Langer, ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà, dé yàrá ìwádìí Folkman ní ọdún 1974. Ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí ó dá ni kò ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ní ọdún 1976, òun àti Folkman fi hàn pé bí a bá po ìyẹ̀fun purotéènì mọ́ ike tí a ti yọ́, ihò kọ́rọkọ̀rọ yóò wà nínú rẹ̀ tí purotéènì yóò máa gbà jáde fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tún kù, nítorí irú ike bẹ́ẹ̀ kì í jẹrà nínú ara. Irú èròjà tí àwọn dókítà fi ń ṣe okùn ìránṣọ ọgbẹ́ tí ń yọ́ fúnra rẹ̀ ni ó yanjú èyí. Wọ́n fi ṣe hóró róbótó tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Ní ọdún 1989, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ fún jẹjẹrẹ tí ń mú àgbà ọkùnrin nídìí àpò ìtọ̀: abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Bí hóró yìí bá ń yọ́, a máa di kíkan, irú kíkan tí ó wà nínú wàrà tó ti pẹ́ nílẹ̀, èyí sì lè ba purotéènì inú rẹ̀ jẹ́. Ibí yìí ni iṣẹ́ Larry Hench ti wúlò. Ní ọdún 1969, ní Yunifásítì Florida, ó ṣe gíláàsì kan tí eegun alààyè ń lẹ̀ mọ́. Lónìí, àwọn oníwàádìí ń po irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ mọ́ ike tí ń yọ́, kí hóró kan náà lè dín kíkan kù, kí ó gbé oògùn pamọ́, kí ó sì ran eegun tó fọ́ lọ́wọ́ láti san.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀la a ó dúró níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Bí ọmọ kan bá béèrè ohun tí ìwé sọ pé kò lè ṣeé ṣe, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìbínú pa á lẹ́nu mọ́. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó sọ abẹ́rẹ́ ọgbọ̀n di ẹyọ kan.