Òǹtẹ̀ Lẹ́tà

Òǹtẹ̀ lẹ́tà ni àmì íǹkì tí òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lù sórí sítáǹbù kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò. Ó máa ń sọ ìlú tí lẹ́tà ti gbéra àti ọjọ́ tó gbéra. Lórí àpò lẹ́tà àtijọ́ láti Ọ̀fà, “OFFA” ni a ó rí, bí ìjọba amúnisìn ṣe ń kọ orúkọ ìlú náà.

Bí òǹtẹ̀ bá ti ṣá, ẹ wo sítáǹbù. Èyí tó ní “Northern Nigeria” lára ti wà ṣáájú ìdàpọ̀ Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà ní ọdún 1914. Èyí tó ní kọ́bọ̀ kò dàgbà ju 1973 lọ.

Àmì mìíràn ń fi irú lẹ́tà hàn. “R” pẹ̀lú nọ́ńbà ni ti lẹ́tà tí a ṣe rẹ́jísítà. “Par avion” ni ti èyí tó bá bàálù lọ. “T.P.O.” jẹ́ ti ilé ìfìwéránṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin. Ojú irin tó dé Ìlọrin ní 1908 gba Ọ̀fà kọjá, nítorí náà lẹ́tà láti ibẹ̀ lè ní àmì yìí.

Ẹni tó bá ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nílé kò gbọdọ̀ ya sítáǹbù kúrò lára rẹ̀, nítorí òǹtẹ̀ yóò bá a ya.