Lẹ́tà Kan Nínú Jíìnì: Njideka Okubadejo àti Àìsàn Parkinson

Tí ọwọ́ àgbàlagbà bá ń gbọ̀n ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò, "ọjọ́ ogbó ni" la máa ń sọ. Àwọn mìíràn á ní wọ́n fi ṣe é ni. Nígbà mìíràn, Parkinson ni. Nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine, èròjà tí ara fi ń darí ìrìn àti ọwọ́, ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Levodopa ni oògùn tó wọ́pọ̀ jù fún un. (Ó wà nínú èso wèrèpè tó ń yún wa lára lóko náà, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sè é jẹ o.)

Ní Ìgbó-Ọrà, tí kò jìnnà sí Ayétòrò, àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti wá àwọn tó ní in láti ilé dé ilé. Èsì rẹ̀ jáde ní 1988: nínú 100,000 ẹni tó ti lé ní 39 ọdún, 67 ló ní in níbẹ̀, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní agbègbè kan ní Mississippi, 341 ni. Ó rọrùn kéèyàn ka nọ́ńbà yẹn kó ní ọ̀rọ̀ náà ò kàn wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo kò gbà bẹ́ẹ̀. Dókítà ọpọlọ àti iṣan ni wọ́n, wọ́n ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, wọ́n sì ń tọ́jú aláìsàn ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Wọ́n kó àwọn dókítà káàkiri Nàìjíríà jọ láti máa gba DNA àwọn aláìsàn, torí pé ti àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú dátà tí ayé ń lò. Iṣẹ́ tí kì í yá, tí kò sì lókìkí.

Ní 2023 ni èso rẹ̀ yọ nínú The Lancet Neurology. Àwọn àti Mie Rizig wà lára àwọn tó ṣáájú ìwádìí náà. Wọ́n wo DNA 197,918 èèyàn tó ní ìran Áfíríkà, 1,488 nínú wọn ní Parkinson. Lẹ́tà kan ṣoṣo nínú jíìnì GBA1 ló yọrí, lẹ́tà tó ṣọ̀wọ́n gan-an lára òyìnbó. Ẹni tó bá jogún ẹ̀dà kan, ewu rẹ̀ tó ìlọ́po 1.5, ẹ̀dà méjì, ìlọ́po 3.5. Ewu ni o, kì í ṣe pé àìsàn ti dé.

Èmi tí mò ń kọ kóòdù jẹun, ibi tí lẹ́tà náà wà ló yà mí lẹ́nu. Apá tí sẹ́ẹ̀lì máa ń gé dànù kó tó ka ìyókù ló wà, bíi comment tí kọ̀ǹpútà máa ń fò. Àṣé òun ni sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ ibi tó yẹ kó gé! Ìwádìí 2024 ló fi èyí hàn: tó bá ti yí, gígé ò ní gún mọ́, èròjà tí GBA1 ń pèsè, tó ń bá sẹ́ẹ̀lì palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, á sì dínkù.

Torí náà, àyẹ̀wò tó bá wo kìkì apá tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kò ní rí i. Ọmọ Ìlaròó lè ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n ní kò sí nǹkan kan, kí lẹ́tà náà sì wà lára rẹ̀.