Ta Ló Gbin Bramley?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rántí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ilé yín. Ta ló gbìn ín? Ọ̀pọ̀ wa ò lè sọ. Ẹnì kan jẹ máńgòrò, ó ju kóró nù, igi hù. Nígbà tó yá, ẹni tó ra ilé ló di olówó igi. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí igi ápù kan ní Southwell, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́dún 1809, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Mary Ann Brailsford, gbin kóró ápù sọ́gbà ilé wọn. Tẹ́tẹ́ gidi ló ta yẹn o, torí ọmọ ápù kì í jọ ìyá rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi mìíràn ló ń sọ òdòdó ápù di èso, nítorí náà ẹ lè gbin kóró ápù aládùn mẹ́wàá, kí igi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá so oríṣiríṣi, kí ọ̀pọ̀ nínú wọn má ṣeé fẹnu kàn. Ti Mary Ann bọ́ sí i. Èso rẹ̀ tóbi, ó sì kan gógó. Ẹni tó bá gé e jẹ ní tútù á fúnjú pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sè é, ó ń rọ̀ múlọ́múlọ́.

Lọ́dún 1846, alápatà kan tó ń jẹ́ Matthew Bramley ra ilé náà, igi bá ilé lọ. Ní 1856, Henry Merryweather wá bá a. Ọmọ ọdún 17 ni, bí ẹni tó ń múra àtikọ JAMB. Ó tọrọ ẹ̀ka igi náà kó lè lọ́ ọ sára igi mìíràn. Bramley ní kò burú, àmọ́ orúkọ òun ni kí wọ́n fi pe èso náà. Mary Ann ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ó ti kú ní 1852.

Inú mi kọ́kọ́ ru sí alápatà yìí. Kí ló ṣe? Kò gbìn, kò lọ́. Ṣùgbọ́n kò gé igi náà dáná, ìyẹn náà tó nǹkan.

Merryweather lẹni tó ṣiṣẹ́. Láìsí lílọ́, ikú igi kan ì bá ti pa irú ápù yẹn rẹ́. Ọ̀bẹ mímú ni wọ́n fi ń gé ẹ̀ka tín-ín-rín nígbà òtútù tí igi ń sùn. Wọ́n á fi í sára ìdí igi mìíràn, kí abẹ́ èèpo tó tutù fara kan ara wọn, wọ́n á sì dì í pinpin títí yóò fi jinná. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1862, ó kọ ọ́ sínú ìwé òwò rẹ̀ pé òun ta Bramley mẹ́ta ní ṣílè méjì. Láti ìgbà náà ni Bramley ti ń wọ ọgbà onílé kiri, pẹ̀lú ìyọnu kan: lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ ò wúlò fún igi mìíràn, torí náà wọ́n máa ń gbin oríṣi ápù méjì mìíràn tì í kí gbogbo wọn lè so.

Lọ́dún 1900 ìjì wó igi Mary Ann lulẹ̀. Kò kú, ó ta gbòǹgbò níbi tó ṣubú sí, ó tún rú. Olú tí ń jẹ gbòǹgbò ló wá mú un lẹ́yìn ọ̀rẹ̀yìn, kò sì sóògùn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Yunifásítì Nottingham ti gé díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ nínú ìgò títí ó fi di igi, wọ́n sì gbìn ín sọ́gbà wọn. Bramley náà ni wọ́n ń pe ìyẹn.