Àtọ̀gbẹ àti Funfun Ọmọlójú: Ìtàn Àìsàn Méjì tí Wọ́n Ń Rìn Pọ̀

Ojú lọba ara, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìtàn tí a fẹ́ sọ fún yín dá lé àìsàn méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọn kò mọ ara wọn rí. Èkíní ni àtọ̀gbẹ tí a tún ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Èkejì ni funfun tí ó ń bo ọmọlójú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kàtárátì.

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti Aké dé Òkè-Ọnà, láti Gbágùrá dé Òwu, kò ṣòro láti rí àgbàlagbà tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà lọ sí mọ́sáláṣí. Bí ojú bá di funfun lẹ́yìn àádọ́rin ọdún, a máa ń sọ pé àgbà ló dé, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ aránṣọ ẹni ọdún 45 ni kò lè fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, tàbí aládìrẹ Ìtòkú ni kò mọ àwọ̀ aṣọ kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́, nígbà náà ni ẹbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Wọn a fura sí orogún, wọn a fura sí aládùúgbò. Kò sí ẹni tí yóò ronú kan ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú ara aláìsàn fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ihò dúdú tí ó wà láàrin ẹyinjú, Ọlọ́hun fi ohun kan síbẹ̀ tí ó mọ́ gaara bíi díńgí. Inú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá kí a tó ríran. Bí ó bá di ṣíṣú, ìríran yóò dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo òde nínú ọyẹ́. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé rò pé omi ni ó ń ṣàn wá sí ojú láti òkè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pè é ní al-mā'u, èyíinì ni omi. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá, Constantine ará Áfíríkà túmọ̀ ìwé wọn sí èdè Látìn, ó sì pè é ní ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún omi tí ń dà láti orí àpáta. Láti ibẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ti rí orúkọ tí wọ́n ń pè é títí di òní.

Nínú àwọn onímọ̀ náà ni Ammar bin Ali al-Mawsili wà, ọmọ ìlú Mosul, tí ó ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì ní ìgbà ọba al-Hakim. Ó kọ̀wé nípa abẹ́rẹ́ oníhò tí a fi ń fa ohun ṣíṣú náà jáde. Ní àkókò náà gan-an ni Ibn Sina, tí ó kú ní 1037, ṣe àkíyèsí pé ìtọ̀ àwọn alátọ̀gbẹ a máa dùn. Ṣùgbọ́n bí ó ti to àìsàn láti orí dé ẹsẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀, ojú wà níwájú, ìtọ̀ wà lẹ́yìn. Àìsàn méjèèjì kò pàdé.

Abẹ́rẹ́ ojú rìn jìnnà. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ojú ti ń kiri láti ilẹ̀ Háúsá wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Wọn kì í yọ díńgí ṣíṣú náà kúrò. Wọn a fi abẹ́rẹ́ tì í sínú ojú, kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé. Lójú ẹsẹ̀ aláìsàn lè ríran díẹ̀, ẹbí a sì yọ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ bá ti gba owó, tí ó ti lọ sí ìlú mìíràn, ni ojú yóò wú tí yóò sì fọ́ pátápátá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàrin 2005 àti 2007 fi hàn pé nínú àwọn tí ó ti pé 40 ọdún sókè, 4.2 nínú 100 ni kò ríran, àti pé kàtárátì ni ó fa nǹkan bí 43 nínú 100 ìfọ́jú náà. Ọ̀pọ̀ nínú ojú tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ tì ni ó fọ́.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ó sàn jù ti wà tipẹ́. Ní 1747 ni Jacques Daviel ní ilẹ̀ Faransé yọ ohun ṣíṣú náà jáde. Ní 1949 ni Harold Ridley ní Lọ́ńdọ̀nù fi díńgí àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Abẹ́òkúta wa kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ilé ìwòsàn: ní 1895 ni wọ́n dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro, ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1993.

Báwo wá ni àìsàn méjèèjì ṣe pàdé? Kí wọ́n tó rí oògùn ínsúlínì ní Toronto ní 1921 sí 1922, ọmọdé tí àtọ̀gbẹ bá mú kì í pẹ́ láyé. Nígbà tí àwọn aláìsàn wá ń dàgbà, ohun tí ṣúgà ń ṣe fún ara wọn hàn gbangba. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1973 sí 1975 fi hàn pé nínú àwọn tí kò tíì pé 65 ọdún, kàtárátì pọ̀ lára alátọ̀gbẹ tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ohun tí ó fà á rèé. Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń pọ̀ nínú omi ojú pẹ̀lú, a sì wọ inú díńgí náà. Níbẹ̀ ni yóò ti yí padà sí oríṣi ṣúgà mìíràn tí kò lè tètè jáde. Ìyẹn a fa omi mọ́ra, díńgí a wú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ìwádìí tún ti fi hàn pé sísanra jù àti ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ lára àwọn tí kàtárátì ń mú. Kì í ṣe pé gbogbo kàtárátì ni ti ṣúgà o. Ọjọ́ orí, ìfarapa, sìgá àti àwọn oògùn kan a máa fà á.

Àwọn baba wa ń rìn lọ sóko, wọ́n ń rìn bọ̀. Lónìí, ọ̀kadà ni dé ẹnu ọ̀nà, búrẹ́dì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kò sì jìnnà sí ọwọ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinkugbe àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí Nàìjíríà jáde ní 1997, nǹkan bí 2.2 nínú 100 àgbàlagbà ni ó ní àtọ̀gbẹ. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ rí i pé ó ti tó nǹkan bí 5.8 nínú 100. Bí ṣúgà ti ń pọ̀ sí i, ojú tí yóò ṣú kí ọjọ́ alẹ́ tó dé yóò máa pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ojú bàbá tàbí ìyá yín bá ń ṣú, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ojú àti ṣúgà wò pọ̀. Kò sí àgbo, kò sí oògùn ìkán-sójú tí ń fọ kàtárátì kúrò. Iṣẹ́ abẹ ni. Dókítà yóò kọ́kọ́ fẹ́ kí ṣúgà wálẹ̀, kí ojú ọgbẹ́ lè san. Kí ẹ má sì pẹ́ jù, nítorí àtọ̀gbẹ a máa ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ pẹ̀lú, iṣẹ́ abẹ kàtárátì kò sì lè tún ìyẹn ṣe.

Àwọn àgbà kan ń sá fún iṣẹ́ abẹ nítorí pé omi àlùwàlá àti ìforíkanlẹ̀ lè pa ojú lára ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ rán wọn létí pé ẹ̀sìn wa ti fún aláìsàn ní tayamọ́mù àti ìrun ìjókòó. Alátọ̀gbẹ tí ó fẹ́ gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, kí ó rí dókítà rẹ̀ kí oṣù tó lé. Àti gbogbo wa pátá, kí á rántí pé Ọlọ́hun kò fẹ́ àṣejù nínú jíjẹ àti mímu, pàápàá ní àkókò ìṣínu tí ohun dídùn máa ń kún iwájú wa.

Kí Ọlọ́hun Ọba dá ojú wa sí, kí á lè máa fi ka Al-Kùránì títí di ọjọ́ ogbó. Àmín.